Ojú Òsì Fọlákẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ kà á tán. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Sátidé tó kọjá ni mo rí i pé n kò lè pa á mọ́ra mọ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n kíkọ́ ojú àwọn eléré ìdárayá, kí wọ́n lè tètè máa rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kà á fúnra mi, mo sì ń dán an wò. Ní Sátidé, mo máa ń lọ kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan n'Íléṣà. Màá kọ lẹ́tà sára bọ́ọ̀lù tẹníìsì, màá jù ú. Ẹni tó fẹ́ mú un gbọ́dọ̀ pe lẹ́tà náà kó tó bà á lọ́wọ́.

Fọlákẹ́ ni kípà wọn. Kò sí ẹni tó yá bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá wo iwájú gan-an, tí bọ́ọ̀lù gba òsì wá, kì í mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Mo bo ojú ọ̀tún rẹ̀, mo tún un ṣe. Ó tún burú sí i.

Mo mọ̀ pé èyí kọjá ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo ti kà á pé ẹni tí kò bá ríran lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ gbọ́dọ̀ tètè rí dókítà ojú. N kò sọ. Ìdíje ti sún mọ́lé, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbà pé mo mọ iṣẹ́.

Ó bi mí pé, “Kóòṣì, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ojú mi yìí?”

Mo ní, “Ọrùn ẹ ló ń ṣọ̀lẹ. Máa yí i sósì.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń yí i. Níbi ìdíje náà, ó mú pẹnáritì. Wọ́n yìn mí, mo sì gba ìyìn.

Ojú náà ti fọ́ báyìí. Dókítà ní ìfúnpá inú ojú ló ga jù, pé oògùn tí wọ́n ń kán sójú ì bá ti dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ló dùn mí jù: mo sọ fún un pé bọ́ọ̀lù kan tó gbá a lójú lọ́jọ́ kan ló fà á. Ó gbà mí gbọ́. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi.

Sátidé tó kọjá, ó mú àbúrò rẹ̀ obìnrin wá. Mo ju bọ́ọ̀lù láti òsì. Ọmọ náà kò mira.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Fọlákẹ́ ní, “Dókítà kẹ̀? Ta ló gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lójú? Ẹ kọ́ ọ kó máa yí ọrùn, Kóòṣì, bí ẹ ṣe kọ́ mi.”

Kò ní gbà, àfi tí mo bá jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀.