Ilà Tí Mo Fà sí Ìhà Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún keje rèé tí ọkọ mi ti kú, èmi nìkan ni mo sì mọ ọwọ́ tí mo ní nínú ikú rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ìyálé mi ránṣẹ́ láti Èkó pé àwọn ń bọ̀ wá bá mi gbé ní ìparí oṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gùn ni mí, Gberefu, erékùṣù etí òkun tó kọjú sí Àgbádárìgì, ni ilé wa. Ìwé tí mo kà kò kọjá sítáńdáàdì kẹrin. Bí Yorùbá mi bá wọ́ níbì kan, ẹ fojú fò ó.

Apẹja ni ọkọ mi. Ìyàwó méjì la jẹ́ fún un. Ìyálé mi, tí a ń pè ní Ìyá Èkó, ń ta aṣọ ní Èkó. Wọn ò bímọ. Èmi wà nílé pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Ìyá Èkó lẹ́wà, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, aṣọ wọn kì í ṣá. Bí ọkọ mi bá ní òun ń lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo jowú, owú náà sì le.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun àwọn òyìnbó parí ni ìhà ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkọ mi. Ibà ń mú un, ó ń làágùn. Àwọn kan ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọ́n fún un lágbo, kò gbọ́. A bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí dísípẹ́ńsárì ní Àgbádárìgì, níbi tí dókítà òyìnbó kan ti máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Dókítà ní kó dùbúlẹ̀. Ó fi ìka gbá ìhà rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló wú. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, Èkó nìkan ló wà. Ó mú oògùn elésèé àlùkò tí wọ́n fi ń pa egbò, ó fa ilà sí ara ọkọ mi níbi tí ẹ̀dọ̀ náà parí sí. Ó ní bí ó bá fi lè kọjá ilà yẹn, kíá ni òun máa rán an lọ sí Èkó kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀.

Apẹja kì í gbẹ nínú omi, ilà náà ò sì ní pẹ́ parẹ́. Dírẹ́sà, ọkùnrin tó ń wẹ egbò ní dísípẹ́ńsárì, bá fún mi ní ìgò oògùn náà kékeré àti ẹyọ ọwọ̀ kan. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ni kó o máa tún un fà. Lórí rẹ̀ gan-an ni o, má yẹ̀ ẹ́." Ó sì kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó má fi ẹnu kan sódàbí, ògógóró ilẹ̀ wa, mọ́. Ó gbọ́ràn, ẹ ò lè bá a wí níbẹ̀.

Dókítà tó fa ilà lọ sinmi ní ìlú wọn, òmíràn sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tuntun yìí kò rí ọkọ mi rí. Ilà ló bá, ilà náà ló gbà gbọ́.

Ní oṣù kejì, mò ń fi àdí àgbọn pa ọkọ mi lára, ni ọwọ́ mi bá kan nǹkan líle nísàlẹ̀ ilà. Ó ti kọjá ní ìwọ̀n ìka kan. Ọjọ́ kejì la máa lọ sí dísípẹ́ńsárì. Háà! Ìyá Èkó ni mo rí lọ́kàn mi, tí wọ́n ń bomi wẹ̀ fún un, tí wọ́n ń gbọ́bẹ̀ kaná, tí ọkọ mi kò sì rántí ilé mọ́. Nígbà tó sùn, mo fi ọṣẹ fọ ilà àtijọ́, mo fa òmíràn sísàlẹ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò wú sí i. Dírẹ́sà ní, "Ọwọ́ ẹ dára, ìyàwó."

Ẹ wo bí inú ọkọ mi ṣe dùn. Ó ń ṣí ẹ̀wù han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ létí òkun: "Ẹ wò ó, kò kọjá ààlà!" Ó tún padà sídìí àwọ̀n. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ó ń dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbí ilà lè purọ́ ni?" Mo ní, "Báwo ni ilà ṣe máa purọ́?"

Ìgbà mẹ́ta ni mo sún ilà náà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé ó lè pa á. Rárá o, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Nígbà kẹta, mo mọ̀. Ó ti rù hangogo, oúnjẹ ò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ nígbà náà, gbogbo ayé á gbọ́ ohun tí mo ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú bà mí lẹ́rù ju ikú rẹ̀ lọ.

Etí òkun ló ṣubú sí. A gbé e dé Èkó. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà tán, dókítà gbé e sójú fèrèsé, ó fi han èmi àti Ìyá Èkó. Lójú tèmi, dúdú àti funfun lásán ni. Ó ní ẹ̀dọ̀ ti wú títí ó fi ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, ọyún ló sì kún inú rẹ̀. Ó ní ká ní a mú un wá ní oṣù méjì ṣáájú, abẹ́rẹ́ ni àwọn ìbá fi fa ọyún náà, ìbá sì yè. Ọjọ́ kẹta ni ó kú.

Ìyá Èkó dì mọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o ṣe é títí, agbára ẹ ò ká a ni. Ọlọ́run rí ọwọ́ ẹ." Wọ́n kìlọ̀ fún ẹbí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ka sí mi. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n wá sọ fún mi pé owó ẹja ló máa ń dá ọkọ wa dúró ní Èkó, àwọn gan-an ló máa ń lé e padà, torí orúkọ ọmọ mi kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn títí dòní. Ìyá Èkó náà ló mú ọmọ ọ̀hún sọ́dọ̀, tí wọ́n fi sí ilé ìwé, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ bí ọmọ inú wọn.

Ojú wọn ti ń ṣókùnkùn báyìí. Wọ́n ní nínú gbogbo èèyàn, ọwọ́ mi nìkan ló wu àwọn láti darúgbó sí. Wọ́n ti gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó máa ra ilé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún wọn nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ní ilé tí wọ́n lè jókòó sí? Àbí kí n dákẹ́, kí wọ́n máa bọ̀? Bí wọ́n bá dé, wọn ò ní rí oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú wọn, ṣùgbọ́n torí pé èmi ni mo gbé e wá, wọn á jẹ ẹ́.