Wọ́n Ní Kí N Tún Ìwé Ìpàdé Owó Ìfẹ̀yìntì Kọ

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ bá mi gbé e ga lẹ́ẹ̀kan sí i! Ọba tó yọ mí lẹ́nu kìnnìún láàárín Ìlọrin yìí, ìyìn rẹ kò ní tán lẹ́nu mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Fọlá, ìyàwó Tíṣà Oyèníyì, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé fún oṣù mẹ́rin tí mo fi ń bá yín kọrin níbí, ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ló ń bà mí.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa yìí sílẹ̀, mo rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ rẹ̀. Àwọn lébìrà tó ń la ọ̀nà, wọ́n ń yọ díẹ̀ pa mọ́ nínú owó oṣù wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan gbá mú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ló ń bójú tó owó náà: ọ̀gá wa, akápò, àti Bàbá Sálíù tó ń wa katakata, tó jẹ́ aṣojú àwọn lébìrà. Òfin wọn kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó náà, àfi ẹni tó fẹ̀yìn tì, tàbí ìyàwó àti ọmọ ẹni tó kú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé sínú ìwé ńlá kan.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní kí wọ́n yá kọńtírákítọ̀ kan nínú owó náà, kó fi kọ́lé sí àdúgbò Adéwọlé, pé èlé yóò wọlé. Bàbá Sálíù bi í pé tí kọńtírákítọ̀ bá sá lọ ńkọ́? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Níkẹyìn akápò pẹ̀lú ní òun kò fara mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ kò gbà. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì kà á sí wọn létí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá fi pè mí. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n ya ojú ìwé yẹn kúrò, kí n kọ òmíràn pé wọ́n gbà.

"Ìlà kan ṣoṣo ni, Ìyá Fọlá. Ta ni yóò kà á?"

Mo ní kó fún mi láyè di ọ̀la. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó pa ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó ń yẹ̀ wò dé. Ó ní ọmọ mẹ́rin la ní, kí n kọ ọ́ kí àlàáfíà lè wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ọ̀gá lọ. Mi ò lè jẹun. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn lébìrà yẹn ni mò ń rí, tó ti le bí èèpo igi. Nígbà tó di àárọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè kọ ohun tí ẹnu ìgbìmọ̀ kò sọ."

Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n rán Bàbá Sálíù lọ la ọ̀nà ní ìhà Borgú, ibi tó jìnnà réré. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìpàdé pòórá nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀gá ní èmi ni mo gbé e pa mọ́, pé ìgbìmọ̀ ti gbà, pé ńṣe ni mo fẹ́ ba òun jẹ́. Akápò ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀rù ọ̀gá ló ń bà á.

Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu mi, ó ní ìwé ìjọba ni, bí mi ò bá gbé e jáde, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n dá ọjọ́ ìwádìí. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ní kí n dárí ji òun. Olúwa, mo dúpẹ́!

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìwádìí, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá Sálíù wọlé tọ̀ wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé rẹ̀ ní Ọjà Tuntun ni, ó sì gbọ́. Ó fa ìwé pélébé kan yọ lápò.

"Ìyá Fọlá, wọ́n ní ìwé tìrẹ sọnù. Tèmi ò sọnù."

Gbogbo ìpàdé ni bàbá yìí ń kọ sílẹ̀! Yorùbá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́tà kéwú ló fi kọ ọ́. Ó ní òun kò gbọ́ òyìnbó dáadáa, àwọn lébìrà sì máa ń bi òun ní ohun tí wọ́n sọ. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọ̀gá ní bàbá tí kò mọ ABD ló gbé tírà wá síbi iṣẹ́ ìjọba. Alága ìwádìí ránṣẹ́ pe akọ̀wé kóòtù alkálì, kóòtù àwọn Mùsùlùmí, ẹni tó mọ kéwú kà, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, ó ní kó kà á. Ọkùnrin náà rọra ń kà á:

"Ọ̀gá ní ká yá kọńtírákítọ̀ lówó. Mo ní rárá. Akápò ní rárá. Obìnrin akọ̀wé kà á fún wa pé a kò gbà. Òjò dá wa dúró. Akápò fún mi lẹ́pà jẹ."

Ibi ẹ̀pà yẹn ni akápò ti fi ọwọ́ bo ojú. Ó dìde. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kọ́kọ́rọ́ kejì ni ọ̀gá fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé rẹ̀ ni ìwé náà wà."

Ògo! Ògo ni fún Ọlọ́run! Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n bá a. Wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó àwọn lébìrà wà digbí ní báńkì tó wà ní Post Office. Lóṣù tó kọjá, opó kan wá gba ti ọkọ rẹ̀ tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Kò mọ̀wé. Èmi ni mo di ìka rẹ̀ mú lórí tàdáwà kó fi tẹ̀ ẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá mi gbàdúrà láìbi mí ní ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi lẹ́tà kéwú yọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnìkan bá wà níbí tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí irọ́, jọ̀ọ́, má fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù yóò bà ọ́. Ó bà mí. Ṣùgbọ́n o kò mọ ẹni tí Ọlọ́run ti fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń kọ tìrẹ sílẹ̀.