Ọkùnrin Tí Mo Sọ Di Ìsáǹsá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, nítorí kò yẹ kó bá mi wọ sàréè. Dókítà ní ọkàn mi ò lágbára mọ́, mo ní kó fi í sílẹ̀, ayọ̀ ló ń lù ú. Ìwé ìtàn ogun wa tuntun ti jáde, àwọn ọmọ iléèwé yóò máa kà á, irọ́ tí mo fi ogójì ọdún tọ́jú ti kú síbẹ̀.

Nígbà ogun, akọ̀wé àwọn ọmọ ogun ni mí. Pẹ́ńsù la kọ́kọ́ fi ń kọ ìròyìn. Tí ọ̀gá bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, a ó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́, a ó sì nu pẹ́ńsù kúrò. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Agùntáṣọọ́lò là ń pè é, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ síta lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ní kó yìnbọn fún àwọn ará abúlé tó sá pamọ́ sí iléèwé. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọdé ló wà níbẹ̀. Mi ò ní ṣe é." Ojú mi ni ọ̀gá ṣe yìnbọn pa á. Ariwo ìbọn yẹn làwọn ará abúlé gbọ́ tí wọ́n fi bẹ́ gba ojú fèrèsé sá lọ. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ṣé o fẹ́ tẹ̀ lé e lọ ni? Kọ ọ́ pé ó sá lójú ogun." Mo fi yíǹkì kọ irọ́ náà lé e lórí. Ojo ni mí! Jìnnìjìnnì bò mí débi pé mi ò rántí nu pẹ́ńsù.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lọ́fíìsì, ó pọn ọmọ, ó di etí tábìlì mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé lóòótọ́ ló sá?" Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Ìyàwó wa, ó sá ni. Má dúró dè é." Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta ní bárékè lọ́jọ́ yẹn. "Ọmọ ìsáǹsá" ni wọ́n ń pe ọmọ náà títí tó fi dàgbà. Ọ̀gá di olóṣèlú ńlá, wọ́n pè é ní akọni nínú ìwé. Èmi náà di olórí akọ̀wé. Ojú ò tì mí, ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin òpìtàn kan tó ń kọ ìwé ìtàn ogun tuntun náà gbé ìwé tí mo kọ nígbà ogun wá sílé mi. Ó nàka sí abẹ́ yíǹkì. "Bàbá, mo rí 'ó kọ̀ láti' níbí, ìyókù ti parẹ́. Kí ló kọ̀ láti ṣe?" Ọmọ ọ̀gá sì ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n panu mọ́ o. Mo ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ yóò bá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀gá tó bá ní kí ẹ purọ́, ẹ má dá a lóhùn. Lánàá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé tuntun náà, mo ka ojú ewé tó sọ òótọ́ nípa Agùntáṣọọ́lò sókè. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, àtẹ́wọ́ ò dáwọ́ dúró. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀, tó ti di ìyá arúgbó. "Ìyàwó wa, ẹ dárí jì mí." Kò ní òun dárí jì mí, kò ní òun ò dárí jì mí. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún un kà, kó dún dáadáa. Àwọn ẹbí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni."