Omi Tí Mo Dà Sójú Ọ̀nà Àpòmù

Ẹ má ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ láti ìta, kó gbọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé lógún ọdún, mo sì fẹ́ kí òótọ́ bá mi kí ikú tó bá mi. Títílọlá ọmọ mi, gbé mi jókòó. Ìyá Bọ́lánlé, gbé omi tí o gbé wá yẹn kalẹ̀ ná. Ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi Obadiah ni mo ń ṣọ́ ọ̀nà láàárín Ìkirè àti Àpòmù nígbà tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbówó lórí. Amọ̀ pupa ni ọ̀nà náà, kò tíì sí ọ̀dà. Bí òjò bá rọ̀, iṣẹ́ mi ni láti fi igi dábùú rẹ̀ níhà Ìkirè àti níhà Àpòmù kí lọ́rì má baà bà á jẹ́. Tó bá yá, màá fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Bí kò bá rì, màá gbé igi kúrò. Iṣẹ́ tí kò ju gìgísẹ̀ lọ ni mo fi ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

Lọ́dún kan, àwọn oníkòkó Ìbàdàn ń fi lọ́rì wá sí Àpòmù, owó tí wọ́n ń san sì ju ti Adépọ̀jù tó ń ra kòkó ní Ìkirè lọ. Adépọ̀jù wá bá mi. Ó ní, "Obadiah, bí lọ́rì wọn kò bá dé Àpòmù, orí ni àwọn ará Àpòmù yóò fi ru kòkó wá bá mi, iye tí mo bá pè ni wọn yóò sì gbà. Ṣé ojú ọ̀nà kò lè pẹ́ kó tó gbẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ ni mí.

Òjò dá, oòrùn mú, èmi ń pọnmi odò dà sójú ọ̀nà. Bí awakọ̀ Ìbàdàn bá dé ibi igi níhà Ìkirè, tó ní, "Bàbá, ẹ ṣí i fún wa, ilẹ̀ ti gbẹ," màá ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì, á ṣẹ́rí padà sí Wásinmi lọ́nà Ìbàdàn. Àwọn ará Àpòmù á máa kí mi pé mo kú ìtọ́jú ọ̀nà àwọn. Mo sì ń dáhùn!

Ibi tó burú jù nìyí. Ìyá Bọ́lánlé, o ti fi oko tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ dógò lọ́wọ́ Adépọ̀jù nítorí ìsìnkú rẹ̀. Kòkó ọdún yẹn ni o fẹ́ tà fún ará Ìbàdàn kí o lè gbà á padà. O kó àpò kòkó rẹ sẹ́bàá igi mi níhà Àpòmù, o fi ewé bò wọ́n, ò ń retí lọ́rì. O rí mi tí mò ń lọ sódò tí mò ń bọ̀, o ní, "Bàbá, ṣé ìyàwó yín tó bímọ lẹ ń pọnmi fún? Ẹ jókòó, mo wà níbí kí ẹ máa pọnmi?" O gba agbè lọ́wọ́ mi. Mo jókòó! Títílọlá, ìwọ ni ọmọ tuntun ọ̀hún, ṣùgbọ́n omi náà kò kàn ọ́ lára. Bí obìnrin yìí bá ti padà sódò, màá gbé e dé kọ̀rọ̀ ọ̀nà, màá dà á. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi ti ọ̀nà mọ́ ọn.

Òjò mìíràn bá kòkó rẹ̀ níbẹ̀. Ó bu. Ó rù ú dé Ìkirè, iye tí Adépọ̀jù san kò sì tó fi gba oko padà. Adépọ̀jù gba oko, ó gé apá kan fún mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, oko etí odò tí mo sọ pé mo rà ni. Òun ló rán yín níléèwé. Lọ́rì Ìbàdàn kò wá mọ́. Ìkirè ń kọ́lé onípáànù, Àpòmù ń wò wá. Wọ́n ní orí Ìkirè ló dára. Orí kọ́, omi ni.

Ẹ dá oko náà padà fún un. Ẹ má sin mí kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá Bọ́lánlé, o gbọ́ pé ara mi kò yá, o tún pọnmi wá láti fi wẹ̀ mí. Bí o bá lè dárí jì mí, fọwọ́ ara rẹ bù ú sí mi lára. Bí o kò bá lè ṣe é, gbé e jáde, dà á sójú ọ̀nà. Mi ò ní bínú.