Ohùn Tó Ń Pe Ọkọ Mi Lọ́sàn-án

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá ọkọ mi padà fún mi. Tí mo bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ara mi kì í balẹ̀.

Kamíọ̀ akẹ́rù àgbàdo ni Bàbá Dúpẹ́, ọkọ mi, ń wà fún ọ̀gá kan. Ọ̀gá ta ọkọ̀, iṣẹ́ bọ́. A jẹ gbèsè èsúsú, a jẹ onílé, a jẹ ìyá tó ń ta ìrẹsì fún wa láwìn. Nígbà tí wọn ò jẹ́ ká sinmi, àwa méjèèjì gbìmọ̀ pé bí mo bá ti pọn Dúpẹ́, tí mò ń lọ ta ẹ̀kọ lọ́jà Kétu, kí n fi àgádágodo ti ọkọ mi mọ́lé láti ìta. Ẹni tó bá wá á rò pé kò sẹ́nì kan nílé. Màá ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín, ẹ má dáhùn o."

Níjọ́ kan ló bi mí pé kí ló dé tí mò ń wá bá òun sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé lọ́sàn-án. Mo ní èmi kọ́, mi ò kúrò lọ́jà. Ó ní ohùn mi ni, pé ohun tí mo máa ń sọ náà ló ń sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ìdààmú ni.

Ọjọ́ tí ọjà tètè tà, mo délé lọ́sàn-án, oòrùn mú, àdúgbò pa rọ́rọ́. Mo ṣílẹ̀kùn, mo kí i. Kò dáhùn. Orí fóòmù wa ló jókòó sí, fóòmù náà sì tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí kò sẹ́nì kan. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó mi ti wọlé tipẹ́. Ta ni ìwọ?"

Mo sá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìyá Ìjọ àtàwọn arábìnrin tẹ̀ lé mi lọ. A gbàdúrà títí ohùn wa fi há, ọkọ mi ò mira. Ìyá Ìjọ wá rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó bi mí, mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ ti kọ́ ọ kó má dáhùn. Ẹ gbé e jáde, kó dá àwọn tó jẹ lówó lóhùn." A gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ìyá Èsúsú, ẹni tí a jẹ lówó èsúsú, ló kọ́kọ́ dé. Ó pè é, "Bárnábà." Kò dáhùn. Ó tún un pè. Láti inú yàrá tó ṣófo, gbogbo wa gbọ́ ohùn mi kedere: "Ẹ má dáhùn o." Èmi rèé níta, mi ò la ẹnu.

Ìyá Èsúsú ò sá. Ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. "Mi ò bá towó wá mọ́, ọmọ mi. Ṣáà dá mi lóhùn."

Ọkọ mi bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmá, èmi rèé."

Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ ohùn yẹn mọ́. Àbúrò Ìyá Èsúsú ní kamíọ̀ ní Adakplamè, òun ni ọkọ mi ń wà á fún báyìí. A ṣì ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wa ti wálẹ̀.

Òun ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Bàbá Dúpẹ́, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀, kí ògo jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Ẹ pè é lórúkọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa dá yín lóhùn.