Tábìlì Ló Ń Mì, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Bàbá Arvid

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ayìnbọn àfonífojì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n wá kí àwọn tuntun tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń di ọta, ìyẹn kíki ẹ̀tù sínú ìkarahun ọta ìbọn, káàbọ̀ láàárọ̀ yìí ni. Mo ti to ọ̀rọ̀ ìkíni náà sílẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n kò ní jáde lẹ́nu mi. Èyí tó máa jáde ni èyí tó ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ yìí wá, tí n kò bá sì pọ̀ ọ́ lónìí, á gba ibẹ̀ pa mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Marlys ìyàwó mi jókòó níwájú mi yìí, kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Signe, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọmọ tuntun rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Arvid Nygaard, bàbá ìyàwó mi, wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nídìí ilẹ̀kùn, níbi tó ń fara pamọ́ sí láti ìgbà tí kò ti kọ́ ẹnikẹ́ni níbọn mọ́. Hollis, jọ̀ọ́, ti ilẹ̀kùn yẹn. Kì í ṣe nítorí wọn. Nítorí kí èmi fúnra mi má bàa sá ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà níbí mọ ẹni tí Arvid jẹ́. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ ìlagi kí wọ́n tó tì í pa, kò sì sí irin tó lè gbéraga sí i. Èmi ní tèmi, orí àga ọ́fíìsì ni mo ti ń jẹun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá fojú han àwọn òbí Marlys, Arvid gbá ọwọ́ mi mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Marlys, ọwọ́ ọkùnrin yìí mà rọ̀ bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ṣé ó ti gbá ìṣó rí láyé ẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí òjò wá jò sórí tábìlì tí bàbá ti ń di ọta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹrà, mo sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kan òmíràn fún yín." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ?" "Èmi." Ó kùn díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Lyle. Tábìlì ọta kì í ṣe tábìlì oúnjẹ. Tí èèyàn bá fa apá ẹ̀rọ tí a fi ń di ọta wálẹ̀, gbogbo agbára èjìká ẹ̀ ló ń wọ inú igi lọ. Tábìlì tó bá ń mì, irọ́ ni á máa pa fún ọ, wàá sì máa gbà á gbọ́."

Mo ṣe é dáadáa, ẹ̀yin ará. Ìyẹn ló ń dùn mí. Igi tó ki ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, mo lẹ pákó méjì tó nípọn pọ̀ fún orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni mo ti yí ìṣó wọ̀ ọ́ kí orí rẹ̀ lè dán. Mo kan pẹpẹ kan sí abẹ́ rẹ̀, mo kó àpò iyanrìn sí i kó lè wúwo. Ó wá ku kí n fi bóòtù irin gígùn dè é mọ́ ògiri gáréèjì Bàbá. Inú àwọn òpó igi tó wà lẹ́yìn páálí funfun ara ògiri ni bóòtù gbọ́dọ̀ wọ̀. Lápá ọ̀tún, ó wọ̀ ọ́, ó gbá a mú ṣinṣin. Lápá òsì, irin tí mo fi ń lu ògiri kàn já sínú òfìfo ni. Mo lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òfìfo. Mo tún lu ẹ̀gbẹ́ kejì, òfìfo náà ni. Ẹni tó fẹ fèrèsé gáréèjì yẹn lójú láyé àtijọ́ ti sún òpó ibẹ̀ kúrò. Mo mọ àtúnṣe rẹ̀: kí n gbé tábìlì kúrò, kí n kan pákó gbọọrọ kan láti òpó dé òpó, kí n wá de tábìlì mọ́ pákó náà. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró ọkọ̀ Arvid lágbàlá, mo gbọ́ ẹ̀rín Hollis ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì rí ara mi pẹ̀lú ihò mẹ́ta lára ògiri bàbá ìyàwó mi. Mo da gúlúù sínú ihò, mo ti bóòtù bọ̀ ọ́, mo kun orí rẹ̀ ní dúdú bíi ti àwọn yòókù. Mo ní, lọ́la ni màá tún un ṣe.

Arvid wọlé, ó fi èjìká ti tábìlì. Gúlúù tuntun, iyanrìn lábẹ́, kò mira. Ó ké, "Hollis, wá wo nǹkan! Gùn ún!" Ẹ̀yin náà mọ Hollis, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kó tó wọlé. Ó gùn ún, ó fò lórí rẹ̀ kìì, kìì. "Arvid, ọkọ ọmọ ẹ ti di èèyàn o! Akọ màlúù lè jó lórí tábìlì yìí." Arvid dá a lóhùn pé, "Akọ màlúù ló kúkú ń jó lórí ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́." Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́rùn, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Kò pè mí ní ọkọ ọmọ mi. Ọmọ mi ló pè mí. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ta òótọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ó ti de ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ orí tábìlì, ó sì ń pe gbogbo àdúgbò wá wò ó.

Òtútù dé, òtútù lọ, gúlúù inú ògiri sì sán. Bí ewé ṣe ń pọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá ránṣẹ́ pè mí. "Lyle, ẹ̀tù mi ò dọ́gba mọ́." Ẹ̀yin tuntun, ẹ ó rí i: ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ẹ̀tù sínú ìkarahun idẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó fẹ́. Tí tábìlì bá ń ta jìgì, ẹ̀tù á há sí i lọ́fun. Ìkarahun kan á gba kékeré, èyí tó tẹ̀ lé e á gba tirẹ̀, á tún gba tẹni ẹlẹ́ni. "Ó ń jọ mí lójú pé ó ń yẹ̀ lápá òsì yìí. Wá, jẹ́ ká wò ó." Mo lọ dúró ní igun òsì bí ẹni tó fẹ́ wò ó dáadáa, mo fi ìbàdí tì í mọ́ ògiri pẹ̀lú gbogbo agbára mi. "Ẹ fà á, Bàbá." Ó fà á. Kò mì. Ó tún fà á. Kò mì. Ó wá jọ̀wọ́ apá ẹ̀rọ náà, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹrù ẹlòmíràn tí wọ́n gbé fún un lásìíṣe. Ó ní, "Àbí ọwọ́ mi ni?" Mo lè fi ìbàdí mi kúrò nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo rí i tó ń gbọ̀n díẹ̀ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Sunday." N kò rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, tí ìbọn bá ti dún lẹ́yìn òkè, ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi á já bọ́.

Lẹ́yìn náà ni Signe parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílùú ńlá, ó padà wálé, ó ní kí bàbá àgbà òun mú òun lọ sóko ọdẹ. Inú Arvid dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní, "Ọta ọmọ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni màá dì í. Ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán ara mi mọ́. Lyle, ojú tìẹ ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Wá bá mi wò wọ́n." Kí a tó fi orí ọta dé ìkarahun, ṣe la máa ń tò wọ́n sínú igi oníhò, ẹnu wọn á là sókè, a ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti rí i pé ẹ̀tù inú wọn dọ́gba. Ìyẹn ni wíwò ìkẹyìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú èèyàn kò tún débẹ̀ mọ́. Bàbá gbé tọ́ọ̀ṣì fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, mo tàn án. Ṣùgbọ́n n kò wò. Igi tó wà láàárín wọn ni mo ń wò. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé tí mo bá fi lè rí ẹyọ kan tó rẹlẹ̀ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bàbá á tún bèèrè tábìlì, lọ́tẹ̀ yìí abẹ́ rẹ̀ ló máa rá wọ̀. Mo ń wọ́ iná náà láti ìlà kan dé èkejì bí ẹni tó dojú kọ ìwé èdè tí kò gbọ́. "Gbogbo ẹ̀ dọ́gba, Bàbá." "Ó dá ọ lójú?" "Ó dá mi lójú." Ó ní, "Ọlọ́run á bá mi pa ojú ẹ mọ́," ó sì dé wọn pa. Ọmọ tèmi ni mo ṣe é sí o, ẹ̀yin èèyàn. Ọmọ bíbí inú mi.

A dé igbó láàárọ̀ kùtù, àwa mẹ́ta dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn igi kan tó ti wó. Èémí wa ń jáde bí èéfín. Signe sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "Bàbá àgbà, tí mo bá wá tàsé ńkọ́?" "Á jẹ́ pé kárọ́ọ̀tì la máa jẹ nìyẹn. Ìyá ẹ ló sì máa sè é, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i." Signe bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Àgbọ̀nrín náà sì jáde. Signe yìnbọn. Ìró tí a gbọ́ kì í ṣe ìró ìbọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn dé nínú yàrá kejì. Àgbọ̀nrín kàn na etí ni. "Kí ló dé?" ni Signe wí, ó sì ti fa ìbọn, ó ti ki ọta mìíràn, kíákíá, bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Mo mọ̀. Inú ọ̀rá eegun mi ni mo ti mọ̀. Ìgbà mélòó ni Arvid ti sọ ọ́ nínú yàrá yìí gan-an: tí ìró bá kéré, ọta ti há sínú ọ̀pá ìbọn, ẹni tó bá tún yìn ín, ojú ara rẹ̀ ló yìn ín sí. Mo ya ẹnu. Ohùn kò jáde. Nítorí tí mo bá kígbe, wọ́n á bi mí pé báwo lo ṣe tètè mọ̀? Ẹ̀yin ará, mo gbé ojú ọmọ mi àti orúkọ mi sórí òṣùwọ̀n, n kò sì tíì wọ̀n wọ́n tán tí Arvid fi fò kọjá lórí mi, tó ki ọwọ́ bọ àárín ìka ọmọ náà àti ìbọn. "Gbọ́wọ́ kúrò! Gbọ́wọ́ kúrò, ọmọ mi!" Ó gba ìbọn, ó ṣí i, ó yọ ọta jáde. Signe ń wo ojú rẹ̀. Èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró bí òkúta.

Nígbà tí a délé, Hollis ló bá wa ti ọta tó há náà jáde. Òun náà ló tú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀tù inú rẹ̀ kún dé ọrùn. Lọ́jọ́ yẹn, Hollis kò dá àpárá kankan. Arvid jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo dì í. Ọwọ́ yìí ló fẹ́ pa Signe." Signe dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, "Ẹ̀yin lẹ gbà mí là, Bàbá àgbà! Ẹ̀yin ni!" Kò gbọ́. Èmi ló gbójú sókè wò, èmi, bí ẹni tó ń wá ibi tó máa dì mú. "Lyle, o wò wọ́n, àbí o ò wò wọ́n?" Ibí yìí ni ọ̀run àpáàdì mi wà. Mo dá a lóhùn, ohùn mi tutù bí ti dókítà, mo ní, "Mo wò wọ́n, Bàbá. Bóyá lẹ́yìn tí mo kúrò lẹ tún bu ẹ̀tù sí i, tẹ́ ẹ wá gbàgbé. Ara ti ń di ara àgbà." Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó gbà mí gbọ́.

Ẹ̀yin mọ ìyókù. Ó fi aṣọ bo tábìlì náà. Ó kó ìbọn rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Fúnra rẹ̀ ló dìde nínú yàrá yìí tó ní òun ò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́, ẹ sì kí i pé ó gbọ́n, pé ọjọ́ ogbó kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kò wa ọkọ̀ mọ́. Marlys ló ń bá a gé ẹran inú àwo rẹ̀. Èmi ń jókòó ní òdìkejì tábìlì oúnjẹ, mo ń wo ọwọ́ tí nǹkan kan kò ṣe.

Ní ìjẹta, Signe gbé ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wá kí Bàbá. "Bàbá àgbà, ẹ gbà á." Arvid kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọdé tó jalè, ó ń fẹ̀yìn rìn títí ògiri fi dá a dúró. "Rárá, rárá. Ẹ má gbé e fún mi. Ọwọ́ mi kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ sí." Mo jáde, mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo lè ti sọ ọ́ nínú ilé lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: nínú ilé, ǹ bá wá ọ̀nà sọ ọ́ di kékeré. Ojú ayé ni orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́, ojú ayé ni mo gbọ́dọ̀ ti fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó síwájú, ẹni tó lu ògiri tí kò bá òpó kì í ṣe ọ̀daràn. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín kí oṣù yìí tó parí. Ẹ pariwo rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ igi lásán, kó tó di ẹran ara èèyàn. Ìtìjú ìrọ̀lẹ́ kan ni mo sá fún, ẹ wo ibi tó bá mi dé.

Marlys, mo rí i pé o ti dìde. Tó o bá fẹ́ jáde, Hollis á ṣílẹ̀kùn fún ọ, n kò ní tẹ̀ lé ọ. Signe, n kò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Bàbá, ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà gba ọ̀rọ̀ kan yìí gbọ́ lẹ́nu òpùrọ́: ọwọ́ yín kò gbọ̀n rí. Signe, gbé ọmọ yẹn lọ bá a. Ẹ má fẹ̀yìn rìn mọ́, Bàbá. Ẹ nawọ́. Ẹ na méjèèjì. Ẹ gbọ́mọ.