Àgbọ̀n Ni Mo Fi Yan Gìtá Báàsì Mi

Nígbà tí eegun mi ṣì le, Mojísọ́lá ọmọ mi, tí mo lè gbé gìtá kọ́rùn títí ìsìn á fi parí, kò sí fóònù tí èèyàn á fi máa wo ọjà kiri bí ẹ ṣe ń ṣe yìí. O ní báàsì pupa inú fóònù ẹ yẹn ló wù ẹ́. Pupa kẹ̀? Ṣé aṣọ lo fẹ́ rà ni? Jókòó.

Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbí ní Festac ni mo wà. Bọ̀dá Délé ni olórí wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tó ń fi báàsì gbè wá kó kúrò ládùúgbò, ó gbé gìtá rẹ̀ lọ. Gìtá yẹn ni mo sì fi kọ́ ara mi! Mo ní màá ra tèmi.

Bọ̀dá Délé wò mí tìtì. "Ìwọ Àbẹ̀kẹ́? Ó dáa, rà á. Àmọ́ tí kò bá dún lọ́jọ́ ìkórè, wàá padà sáàárín àwọn olóhùn tín-ín-rín, mi ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ báàsì lẹ́nu ẹ mọ́."

Mo gba Alákijà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò orin. Bí mo ṣe wọlé báyìí, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọlọ́jà ò ní tiẹ̀, sípíkà ò ṣiṣẹ́, etí ò gbọ́ nǹkan kan… Ọkùnrin náà ní, "Àǹtí, ẹ mú dúdú tó ń dán yìí. Tuntun ni, ó bá yín mu." Èkejì, tòkunbọ̀ ni, ó ti họ bí ìdí ìkòkò. Iye kan náà ló pè wọ́n.

Gbọ́ o. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ojú kan là ń fi wo pákó. Tó o bá la méjèèjì, ẹwà rẹ̀ á tàn ẹ́." Mo di ojú kan, mo wo ọrùn gìtá dídán yẹn látorí dé ìdí. Ó tẹ̀ bí ọrun! Mo wo èyí tó họ. Gbọnrangandan.

Ohùn ńkọ́? Mo gbé àgbọ̀n mi lé igi rẹ̀, mo ta okùn tó nípọn jù. Háà! Ohùn gba eyín mi wọ inú orí, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń hùn. Ti dídán? Ó dún tú, ó kú.

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Mo ní, "Mo ti tọ́ ọ wò. Ó dùn. Bá mi dì í."

Ọjọ́ ìkórè pé. Bọ̀dá Délé rí gìtá. "Àbẹ̀kẹ́, ibo lo ti hú òkú yìí?" Mo ki wáyà sípíkà bọ̀ ọ́, mo ta okùn kan… ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà wa! Àwọn ìyá ìjọ dìde, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde. Kí orin tó parí, Bọ̀dá Délé rọra sún mọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé àgbọ̀n tiwọn náà lé igi yẹn. Wọ́n ní, "Máa ta á lọ. Má dúró." Mi ò sì dúró, àfìgbà tí ìka mi fúnra rẹ̀ kọ̀.

Ẹ̀yin tòde òní, àwòrán lẹ ń rà. Ṣé àwòrán máa ń dún ni? Gìtá ọjọ́ náà ló wà lára ògiri yẹn. Gbé e wá. Rárá, fi wáyà sílẹ̀. Gbé àgbọ̀n lé e, kó o ta okùn òkè…

Ẹ̀n-ẹ́n! Wo ojú ẹ. Lọ́la, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sọ́jà.